Dókítà eyín, dókítà ara gbogbo, nọ́ọ̀sì, apòògùn: ta ló ń gbowó jù, kí ni kí ọmọ mi kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Ìyá Akọ́bí, Kàbà

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, ó sì mọ̀wé. Láti ìgbà tí eyín ti da màmá mi láàmú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú tí wọn ò lè jẹ iyán fún ọ̀sẹ̀ méjì, ló ti ń sọ pé iṣẹ́ eyín lòun máa ṣe. Fọ́ọ̀mù JAMB ti fẹ́ jáde báyìí. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní Èkó pè, ó ní kò gbọdọ̀ kọ eyín, pé owó kékeré ni wọ́n ń san fún wọn, kó kọ ìṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní nọ́ọ̀sì ló yá jù. Ẹlòmíì wá fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, iye tí oníkálukú ń gbà lọ́dún kan ní Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, ti 2023: dókítà 239,200 dọ́là sókè, dókítà eyín 170,910, lọ́yà 145,760, apòògùn 136,030, nọ́ọ̀sì 86,070, aṣírò owó 79,880.

Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà lọ́jà Kàbà níbí. Bàbá rẹ̀ ní oko kaṣú. Àbúrò mẹ́ta ló tẹ̀ lé ọmọ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè rán an níwèé, a ò lè rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé bí ìwé yẹn ṣe tò wọ́n náà ni wọ́n ṣe tò nílé wa? Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Dókítà Yàgbà, Lọ́kọ́ja

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tí àbúrò bàbá rẹ̀ sọ, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ìjọba, òṣùwọ̀n owó oṣù kan náà ni dókítà ara gbogbo àti dókítà eyín wà. CONMESS ni orúkọ rẹ̀, láti 2010 ni wọ́n ti ń lò ó. Ìgbìmọ̀ kan náà, MDCN, ló ń forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà là ń lò ní yunifásítì, ọdún kan ni house job, ìyẹn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí à ń ṣe lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀. Ẹni tó ń ṣe house job wà ní ìpele kìíní, ìbáà jẹ́ ti eyín, ìbáà jẹ́ ti ara gbogbo. Bí èmi àti dókítà eyín bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan náà, owó oṣù wa gan-an dọ́gba. Àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò wà lórí òṣùwọ̀n mìíràn tí wọ́n ń pè ní CONHESS, tiwọn sì kéré sí tiwa.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni àjẹmọ́nú. Èmi máa ń sùn sí ilé ìwòsàn nígbà tí iṣẹ́ òru bá kàn mí, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ fún mi. Eyín kì í sábà pa èèyàn láàárín òru, nítorí náà ìpè òru ti dókítà eyín kéré, àfi àwọn tó bá lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn yẹn kì í sinmi. Gbogbo ọ̀kadà tó bá ṣubú ní ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀ kán, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀.

Àfikún kan. Àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́, ₦5,000 péré lóṣù ló jẹ́ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìparí 2021 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ₦32,000 sí ₦40,000 fún àwa tó wà lórí CONMESS, tí ti CONHESS sì di ₦15,000 sí ₦34,000. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé iye tí èèyàn bá kà lónìí kọ́ ni ọmọ yín máa bá lọ́dún mẹ́jọ sí i.

Ohun tó yẹ kí ẹ fojú sí ni ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Dókítà méjì lè jọ jáde lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, kí èkejì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan, kí owó tó ń wọ àpò ti ìpínlẹ̀ kéré dáadáa, kó tún máa pẹ́ kó tó wọlé. Ìyàtọ̀ yẹn ju èyí tó wà láàárín eyín àti ara lọ.

Tíṣà Ìyàrá

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n kan kún un kí a lè mọ ibi tí a ti ń wò. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí, ₦70,000 ló di ní oṣù keje 2024. Kogí gbà láti san ₦72,500 ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ yìí wà tàbí a sún mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó di dókítà ń gba ìlọ́po owó mi láti ọdún àkọ́kọ́. Inú mi ń dùn sí i. Ìyá Akọ́bí, èyíkéyìí tó bá mú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ebi ò ní pa á. Ẹ fara balẹ̀.

Oníṣẹ́ Eyín, Ìjùmú

Màmá, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, mo sì ní ilé ìtọ́jú eyín tèmi. Ohun tí Dókítà Yàgbà sọ nípa owó ìjọba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù, torí ibẹ̀ ni ọmọ yín máa gbé.

Àkọ́kọ́, àyè. Ilé ìwòsàn kan lè gba dókítà ara lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, kó jẹ́ pé ẹni méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa gbà ní ẹ̀ka eyín. Nígbà tí mo jáde, mo dúró kí n tó rí àyè house job, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣe ìṣègùn ti wọlé. Oṣù tí èèyàn fi dúró wà lára owó oṣù rẹ̀, kì í kàn hàn lórí ìwé ni.

Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, mo bá ilé ìwòsàn aládàáni kan ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Iye tí a jọ fẹnu kò sí dára. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọn ò san án, títí di òní. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n béèrè ìwé àdéhùn, kí n sì bá ẹni tó ti wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó kó ẹrù. Ọmọ yín náà á nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí mo fẹ́ dá dúró ni mo tó mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé eyín kò mówó wá. Dókítà ara gbogbo lè fi tábìlì, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun èlò ìgbọ́kàn bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá méjì. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ ní àga eyín, kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tí á máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ ìlu-eyín, ẹ̀rọ tí a fi ń se irinṣẹ́ pa kòkòrò, ẹ̀rọ ẹ́síréè kékeré, omi tí kì í dá, àti iná. Àga tókùnbọ̀ tí mo rà ní 2021 jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà. Nígbà tí mo béèrè irú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́rin. Kò sí ohun tó ṣe é ju dọ́là lọ. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Àní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí eyín dun èèyàn tí mo bá ń ṣiṣẹ́, òkè òkun ló ti ń wá.

Ẹ wo eyín kan ṣoṣo pẹ̀lú mi. Ẹnì kan wá, ihò wà lára eyín ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mo ní kí n dí i fún un ní ₦15,000. Mo wọ ìbọ̀wọ́, èmi àti olùrànlọ́wọ́ mi. Mo gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Mo fi irin ìlu tuntun gbẹ́ ibi tó ti jẹrà. Mo fi èròjà kan pa á, mo fọ̀ ọ́, mo fi èròjà tó dà bí eyín dí i, ní ìpele ìpele, mo ń tan iná aláwọ̀ búlúù sí i kó lè le. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ wà lórí ní gbogbo àkókò yẹn. Bí mo bá yọ owó ohun èlò, epo, owó ilé, owó oṣù àwọn méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ kò tó ₦5,000.

Bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn gan-an, ó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kì í wá títí yóò fi di pé oorun ò kùn wọ́n mọ́. Wọ́n á ti fi kànáfùrù sí i, wọ́n á ti fi ògógóró fọ ẹnu, wọ́n á ti lo oògùn apakòkòrò tí wọ́n rà lẹ́yọ ẹyọ. Nígbà tí wọ́n bá dé, yíyọ ni wọ́n ń fẹ́, torí yíyọ ni owó rẹ̀ kéré díẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Eyín tí mi ò bá fẹ́ yọ ni mo máa ń yọ jù.

Owó iṣẹ́ yìí sì ní àsìkò níbí. Láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún tí kaṣú bá ń jáde, yàrá ìdúró mi máa ń kún, àwọn èèyàn á fọ eyín, wọ́n á dí i, ẹlòmíì á tilẹ̀ béèrè eyín àtọwọ́dá. Tó bá di àsìkò iṣu gbígbìn àti owó ilé-ìwé, mo lè jókòó láti àárọ̀ kí n má rí ju ẹni méjì lọ. Ní Èkó tàbí Àbújá, àwọn tó ní káàdì ìdójútófò ìlera pọ̀, ilé iṣẹ́ ń san án fún wọn, nítorí náà ìṣòro yẹn kò le tó báyìí.

Ṣé mo kábàámọ̀? Rárá. Lọ́dún kẹta ni owó àga mi tó padà, láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí ju owó tí ìjọba á máa san fún mi. Ilé mi ni mo ń sùn lálẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, owó ti dé. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, owó ńlá kan tún wà tó gbọ́dọ̀ wá láti ibì kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kó wá bá mi jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìsinmi. Kò ní san nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Dókítà eyín, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun.

Ìyá Akọ́bí, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ ni mo lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ECWA tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó lọ kọ́ ìṣègùn ṣì ń gba owó lọ́wọ́ bàbá wọn, mo ti ń rán owó sílé, mo sì ti ń san owó ilé-ìwé àbúrò mi kan. Fún ìdílé tí àwọn ọmọ kékeré wà lẹ́yìn, ẹ má fi ojú kékeré wo ìyẹn.

Òótọ́ ni pé owó mi kò tó ti dókítà, kò sì ní tó o láéláé ní Nàìjíríà. Àjẹmọ́nú òru wa kéré. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò tíì pé ogójì ọdún. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀.

Lókè òkun ni àlàfo náà ti dín. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 29,970 pọ́n-ùn ló ń gbà lọ́dún ní 2024 sí 2025. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gba 36,616. Ẹ fi wé ti ilé wa níbí. Ohun tó mú kí àwọn nọ́ọ̀sì máa lọ nìyẹn. Àmọ́ kò rọrùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹta 2024 ni ìgbìmọ̀ wa ti sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè jẹ́rìí rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí torí kó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ kejì tó jáde, kó fi ọdún méjì yẹn kún un.

Bí ọkàn ọmọ yín kò bá sí nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má tì í sínú rẹ̀ torí owó. Aláìsàn máa ń mọ̀.

Aṣírò Owó, Mọ̀pà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Wọ́n ń wo owó oṣù, wọn kì í wo ọdún.

Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ọmọ méjì wọlé ní 2026. Ọ̀kan kọ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2030, ₦150,000 lóṣù. Èkejì kọ́ eyín tàbí ìṣègùn fún ọdún mẹ́fà, owó àkọ́kọ́ tó máa rí ni ti house job ní 2032. Ká ní ₦600,000 ni òbí ń ná lé ọmọ lórí lọ́dún. Láàárín 2030 sí 2032, nọ́ọ̀sì ti gba ₦3,600,000. Òbí dókítà ti ná ₦1,200,000 sí i. Dókítà fi ₦4,800,000 wà lẹ́yìn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun.

Bí owó dókítà bá wá fi ₦150,000 ju ti nọ́ọ̀sì lọ lóṣù, oṣù 32 ló máa fi lé e bá. Kò tó ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà ló wà níwájú títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ẹni tó bá lè fara da ọdún méjì yẹn, kó fara dà á. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, ọmọ rẹ̀ á dúró ní ọdún kẹrin, a ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí, kò sì sí ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

Ẹ fi ìyanṣẹ́lódì kún un. Ní 2020, oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílé. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó wọlé ní 2019 jẹ méjèèjì. Owó àgùnbánirọ̀ ti di ₦77,000, ìyẹn á ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ ní ọdún yẹn.

Ìyá Akọ́bí, ẹ béèrè NELFUND. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ni, 2024 ló bẹ̀rẹ̀, kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì ìjọba, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, tó bá ti níṣẹ́, ni wọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Ọmọ yín á ṣe é fúnra rẹ̀ lórí fóònù.

Iṣẹ́ tèmi náà wà nínú ìwé Amẹ́ríkà yẹn, òun ló kéré jù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ, mo tún fi ọdún púpọ̀ ṣe ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó. Ẹni tó bá dúró lórí ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìkan nínú iṣẹ́ wa, owó rẹ̀ kì í kúrò lójú kan.

Ọmọ Ìsánlú, Manchester

Ọ̀kun o. Dókítà ni mí níbí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé Amẹ́ríkà yẹn gan-an, torí àwọn èèyàn ń pín in kiri.

Iye tó wà níbẹ̀, iye àárín ni: ká to gbogbo wọn láti orí ẹni tó ń gba kékeré dé orí ẹni tó ń gba ńlá, ká mú ti ẹni tó wà láàárín. Ìdajì ń gbà jù bẹ́ẹ̀, ìdajì ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ti dókítà fi ní "sókè" ni pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kà á kì í tẹ iye tó bá kọjá 239,200 jáde lọ́dún yẹn. Ibẹ̀ náà ni àwọn dókítà eyín tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àwọn tó ń to eyín wà, tiwọn náà kọjá òpin yẹn. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Màmá kò sọ ìyẹn. Kò sì sọ pé dókítà eyín tó ń jáde níbẹ̀ sábà máa ń jáde pẹ̀lú gbèsè tó sún mọ́ 300,000 dọ́là. Ẹ yọ ìyẹn kúrò kí ẹ tó ṣe ìfiwéra.

Fún ọmọ tó bá kàwé ní Nàìjíríà, ọ̀nà òkè òkun ti eyín dín ju ti ìṣègùn lọ. Òtítọ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀ ìbá sọ nìyẹn. Èmi ṣe apá kìíní PLAB, ìdánwò tí dókítà tó kàwé níbòmíì fi ń gba àṣẹ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nílé, Manchester níbí ni mo ti ṣe apá kejì, owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,000 pọ́n-ùn. Ti eyín ni ORE. London ni apá méjèèjì, àyè rẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn èèyàn ń dúró fún ọdún, apá kejì nìkan sì ju 4,000 pọ́n-ùn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ní kí dókítà eyín padà sí ilé-ìwé fún ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ọ̀rẹ́ mi kan gba ọ̀nà yẹn já. Ó ń gbà jù mí lọ báyìí. Ọ̀pọ̀ dókítà eyín níbí kì í gba owó oṣù, iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni ìjọba ń kà fún wọn, wọ́n sì tún ń tọ́jú àwọn tó ń sanwó fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ló fi ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó kó tó wọlé. Mo rí i bó ṣe ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ tí á tún ṣí ìwé.

Apòògùn Ayétòrò

Mi ò ní pẹ́. Owó oṣù apòògùn lábẹ́ ìjọba kéré sí ti dókítà, ó sì súnmọ́ ti nọ́ọ̀sì tó ní digíríì. Ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé wa dìde. Ọjà tí mo ń tà lọ́jọ́ kan ló ń sọ owó mi. Ìyá Akọ́bí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta èlùbọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì: àwọn iṣẹ́ ìlera wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ mẹ́rin kan náà ló yẹ kó ṣe ní JAMB, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Bó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn ìdánwò, ó lè yí iṣẹ́ padà láìtún ìdánwò ṣe. Kò sí ohun tó ń lé yín.

Bàbá Bùnú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọdún 71 ni mo wà. Nígbà tí eyín mi le, Ìlọrin ni wọ́n gbé mi lọ. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀, oúnjẹ ẹni tó tẹ̀ lé mi, ó ju owó eyín náà lọ. Nílé wa lọ́hùn-ún, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí dókítà eyín kan tó wá jókòó. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Bí wọ́n bá ń wá owó àga nígbà náà, kí wọ́n wá sí ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú. A ti fi owó kaṣú kọ́ ilé-ìwé rí.

Ọmọ Ẹ̀kìnrìn

Ìbéèrè ni tèmi. Kí ni ti àwọn tó ń fọ eyín nìkan, tí wọn kì í ṣe dókítà?

Oníṣẹ́ Eyín, Ìjùmú

Ó dára o béèrè, àbúrò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Enugu fún wọn, àti fún àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. CONHESS ni wọ́n wà. Ní Amẹ́ríkà, 87,530 dọ́là ni wọ́n ń gbà lọ́dún 2023, ó fi díẹ̀ ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Nílé wa, àyè wọn kéré nítorí àwọn dókítà eyín fúnra wọn kò pọ̀. Ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ nídìí fífọ eyín.

Ìyá Akọ́bí, Kàbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó lọ́dọ̀ Dókítà, ó mú ìwé ẹ̀kọ́ kan lọ, ó ń kọ ohun tó rí sínú rẹ̀. Ó ka èèyàn mọ́kànlá. Mẹ́jọ yọ eyín, ẹnì kan fọ̀ ọ́, ẹnì kan dí i, ẹnì kan gbọ́ iye owó ó ní òun ń bọ̀, kò padà. Ó kọ lítà epo tí wọ́n rọ sínú jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, màmá àgbà kan wọlé tí eyín rẹ̀ ṣì ṣeé gbà là. Dókítà ṣàlàyé fún un. Màmá náà tú owó ìdí aṣọ rẹ̀, ó kà á lórí itan, ó tún un kà, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọ mi ní òun ló di ọwọ́ màmá náà mú nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́. Nígbà tó délé, kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé igi kaṣú mélòó ló lè ra àga kan.

Bàbá rẹ̀ kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó jókòó síta pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n jọ ń ṣírò. Àbúrò bàbá rẹ̀ tún pè láti Èkó, mo ka ohun tí Dókítà Yàgbà àti ọmọ Ìsánlú kọ fún un. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó kọ eyín, òun á ra kọ̀ǹpútà fún un tó bá wọlé.

Ifẹ̀ ló kọ sí àkọ́kọ́. Bí máàkì rẹ̀ kò bá gbé e níbẹ̀, á yí i sí apòògùn, a ti jọ fẹnu kò lé e lórí. A ò ní jẹ́ kó fi ọdún kan dúró sílé.

Dókítà, ó gbàgbé ìwé ẹ̀kọ́ yẹn sórí tábìlì yín níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ẹ bá mi fi pamọ́. Á wá gbà á lọ́jọ́ ọjà.